Tùràrí Aṣọ Ọmọ Tuntun

Oje àkọ́kọ́ tí Hàbíbátù jù sórí ẹyín iná kò tètè rú. Ó kọ́kọ́ làágùn bí aláàárù, ó yọ́, ó hó díẹ̀, lẹ́yìn náà ni èéfín funfun kan gbéra láti inú rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, bí òwú tí wọ́n ń ran. Hàbíbátù dojú apẹ̀rẹ̀ dé àpáàdì tí ó kó iná sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ aṣọ ọmọ sórí apẹ̀rẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan: ìró kékeré, fìlà, aṣọ ìnura, ìbọ̀sẹ̀ tí kò gùn ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ.

Àárọ̀ ni, ẹ̀yìnkùlé ilé tí Qonitah ọmọ rẹ̀ àti Nùrẹ́nì ọkọ ọmọ náà ń gbé ní Ìgandó sì tutù. Àná ni Qonitah gbé ọmọbìnrin tó bí dé láti ọsibítù. Hàbíbátù kò jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán kí ó tó wọ kẹ̀kẹ́ láti Ìkòtún, pẹ̀lú ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn, òrí, àti oje tí ó fi ọ̀rá wé mọ́ inú aṣọ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí. Òun ni yóò wẹ̀ ẹ́. Kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn. Àlàájà Àyìnkẹ́, ìyá Nùrẹ́nì, tó ti Shasha wá, ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lórí fóònù.

"Àna mi, ẹ̀yin lẹ bí ìyá ọmọ, ẹ̀yin lẹ ó wẹ ọmọ. Tèmi ò ju kí n jókòó, kí n máa jẹ ẹran lọ."

Nùrẹ́nì ti lọ síbi iṣẹ́. Àyìnkẹ́ wà nínú yàrá, ó gbé ìkókó náà lé èjìká, ó ń kọrin fún un kí ìyá rẹ̀ lè rí oorun díẹ̀ sùn. Omi ìwẹ̀ wà lórí iná. Gbogbo nǹkan ń lọ bí ó ṣe yẹ.

Èéfín kò gbọdọ̀ dé imú ọmọ tuntun. Bí ìyá Hàbíbátù ṣe kọ́ ọ nìyẹn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Aṣọ ni wọ́n ń gbé wá bá èéfín, wọn kì í gbé èéfín lọ bá ọmọ. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń sun ún. Aṣọ a mu ún, wọn a gbọ̀n ọ́n, wọn a jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Èyí tó bá kù lára aṣọ lẹ́yìn náà ni ti ọmọ. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, àṣejù ni.

Hàbíbátù ní ìsọ̀ ní ọjà Ìkòtún. Tùràrí ló kún ibẹ̀: èyí tó wà nínú ìgò, èyí tó wà nínú páálí aláwọ̀ wúrà, èyí tó ń ta sánsán bí súìtì. Àwọn ìyàwó tuntun ló ń rà wọ́n. Ṣùgbọ́n oje yìí kò sí lára ohun tó ń tà. Igi kan nínú igbó lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń sun ún. Àwọn ọdẹ a fi àdá sá igi náà lára, oje a jáde, a dì, a le bí òkúta, wọn a wá fi ọ̀bẹ họ ọ́ kúrò. Láyé ìyá rẹ̀, wọ́n ń fi tan ògùṣọ̀, wọ́n ń fi dí ìkòkò tó sán, wọ́n ń fi lé ẹ̀fọn, wọ́n sì ń tẹ́ aṣọ ìyàwó àti aṣọ ìkókó sórí èéfín rẹ̀. Ní Èkó, ẹni tó bá fà á símú á ní òórùn àwọn arúgbó ni. Kò sẹ́ni tó ń rà á. Síbẹ̀, bí awakọ̀ kan láti ilé bá ti ń bọ̀, Hàbíbátù a ní kí ó bá òun gbé díẹ̀ wá.

Èéfín ni ìwà, rírú ló ń rú. Èyí náà rú. Ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí yàrá kọjú síra wọn lọ́tùn-ún lósì, ó sì ń yà sí ẹnu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan bí àlejò tó ń wá ẹni tó mọ̀.

Màmá Hope, tí yàrá rẹ̀ súnmọ́ ẹ̀yìnkùlé jù, ló kọ́kọ́ jáde. Cecilia ni orúkọ rẹ̀, àmọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Kò wé nǹkan kan sórí, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Ó rí Hàbíbátù nídìí èéfín, ó rí aṣọ ọmọ lórí apẹ̀rẹ̀, ó sì ká ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Yé! Màmá Qonitah! Omi ló dànù o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí agbè fọ́."

Hàbíbátù gbójú sókè. "Omi wo?"

"Ẹ má wulẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ ṣáà fara balẹ̀. Ọmọdé ni Qonitah. Á ṣì bí òmíràn."

Kí Hàbíbátù tó rí ọ̀rọ̀ sọ, obìnrin méjì mìíràn ti jáde tẹ̀ lé Màmá Hope. Ọ̀kan ń nu ojú. Èkejì ń pe Ìnnàlílàhì lábẹ́ ètè. Lẹ́yìn wọn ni Babárìndé, onílé, yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé. Ó ti ṣí fìlà. Ó gbé ṣọ́bìrì lé èjìká, ó sì ń wo ilẹ̀ yíká bí ẹni tó ti mọ iṣẹ́ tó bá wá.

"Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́," ó wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. "Ilẹ̀ abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn rọ̀. Ṣé ibẹ̀ ni ká gbẹ́ ẹ sí, àbí ẹ fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri?"

"Kí lẹ fẹ́ gbẹ́?"

Babárìndé wo Màmá Hope. Màmá Hope bú sẹ́kún.

Ẹkún náà ló mú Àlàájà Àyìnkẹ́ jáde. Ó yọ sí ẹnu ọ̀nà, ìkókó lórí èjìká rẹ̀ nínú aṣọ òtútù, ojú rẹ̀ ti ràn.

"Ta ló kú?"

Gbogbo ojú lọ sára aṣọ òtútù náà. Aṣọ náà mira, ẹsẹ̀ kékeré kan jáde lábẹ́ rẹ̀, ìkókó náà ya ẹnu, ó sì ké bí ẹni tí wọ́n jí láìtọ́.

"Jésù!" Màmá Hope jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ó wà láàyè?" Babárìndé bèèrè.

"Ta ló ní kò sí láàyè?" Àyìnkẹ́ gbá ọmọ náà mọ́ra. "Ẹnu ta lẹ ti gbọ́ ọ? Ẹnu burúkú wo lẹ fi ń kí mi kú ewu ọmọ ní àárọ̀ yìí?"

"Àlàájà, kì í ṣe ẹnu, imú ni," Màmá Hope wí láti ilẹ̀ tó jókòó sí. "Òórùn yìí ni. Òórùn ọjọ́ tí Ìyá Jibril kú ni. Bí mo ṣe gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì mi báyìí, ọkàn mi já."

Ìyá Jibril ti gbé nínú ilé yìí rí. Yàrá iwájú ni tirẹ̀, ọdún tó kọjá ló sì kú. Gbogbo ilé ló mọ bí ọjọ́ náà ṣe rí, àfi Àyìnkẹ́ tó jẹ́ ará Shasha. Babárìndé, tí kì í fẹ́ kí ìyìn ẹnikẹ́ni kù díẹ̀, wá túbọ̀ là á yé e.

"Àlàájà, ẹ má bínú. Àna yín yìí ló wẹ òkú Ìyá Jibril, ẹ̀yìnkùlé yìí náà ni. Ẹ ò mọ̀ ni? Láti Ìkòtún títí dé ibí, kò sí obìnrin tó mọ òkú wẹ̀ tó wọn! Ẹ̀ bá rí bí wọ́n ṣe ṣe é. Tùràrí yìí kan náà ni wọ́n sun sí aṣọ funfun tí wọ́n fi dì í. Títí di ìrọ̀lẹ́ ló ń ta."

Ó sọ ọ́ tìdùnnú-tìdùnnú, ṣọ́bìrì lórí èjìká.

Àyìnkẹ́ fi ẹsẹ̀ kan rìn sẹ́yìn. Kò wo ojú Hàbíbátù mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

"Òkú?"

Qonitah ti jí. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn ìyá ọkọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ ti ògiri. Hàbíbátù rí i, ó sì mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Kí ìgbéyàwó tó wáyé, Qonitah ti bẹ̀ ẹ́ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ilé ọkọ mi mọ̀ pé ẹ máa ń wẹ òkú." Ọmọ olókùú ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é nílé ìwé, wọn kì í fẹ́ fi ọwọ́ bọ abọ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Hàbíbátù gbà. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà ń tì í lójú. Obìnrin ló ń wẹ obìnrin, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ ṣe é. Ó kàn rò pé kò sí ìdí tí a ó fi máa pariwo nǹkan sí etí ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀.

"Ẹ da omi sí nǹkan yẹn," Àyìnkẹ́ wí. "Àna mi, mi ò bá yín jà, torí Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń wẹ òkú kò ní kan ọmọ yìí. Wọ́n ti sunkún rẹ̀ láàyè. Wọ́n ti kí i ní kíkí òkú. Wọ́n gbé ṣọ́bìrì wá! Kí ló tún kù?"

Babárìndé rọra gbé ṣọ́bìrì sọ̀ kalẹ̀, ó fi pamọ́ sẹ́yìn ara rẹ̀.

"Àlàájà," Màmá Hope gbìyànjú láti tún ọ̀rọ̀ ṣe, "ṣebí tùràrí náà wà lára ohun tí àwọn amòye gbé wá fún Jésù nígbà tó wà ní ìkókó?"

"Ṣé wọ́n sun ún sí aṣọ rẹ̀ ni?"

Màmá Hope ronú díẹ̀. "Bíbélì ò sọ ìyẹn ṣá."

"Ẹ dákẹ́ nígbà náà, jàre."

Hàbíbátù kò da omi sí i. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Àyìnkẹ́ ló dùn ún. Ó ti gbọ́ èyí tó le ju ìyẹn lọ. Ọ̀rọ̀ Màmá Hope ló há sí i lọ́kàn: òórùn ọjọ́ tí Ìyá Jibril kú. Ṣé bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ nìyẹn? Lójú tirẹ̀, òórùn yìí ni ìró ìyá rẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀, tí òun á fi orí wọ abẹ́ rẹ̀. Òun ni aṣọ tí wọ́n fi mú òun lọ sílé ọkọ. Òun ni Qonitah ní ìkókó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n tó kó wá sí Èkó. Nígbà wo ló wá di ti ikú?

Ó wá inú ara rẹ̀. Láti ìgbà tó ti dé Ìkòtún, níbo ló ti sun ún tí kì í ṣe ilé òkú? Kò rí ọ̀kan. Nítorí pé wọn kò rà á, ó mú un, ó fi ta àwọn tó kú lọ́rẹ, kí obìnrin tí kò ní ohunkóhun pàápàá lè lọ pẹ̀lú òórùn dídùn lára. Ó ti ṣe é láti ilé dé ilé, láti àdúgbò dé àdúgbò, pẹ̀lú ọkàn rere. Òun ló mú òórùn ìyá rẹ̀ wá sí Èkó, òun náà ló sì gbé e lé ikú lọ́wọ́. Gbogbo ayé ló mọ̀, òun nìkan ni kò mọ̀, torí òun nìkan ló ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú oje mìíràn, ó jù ú sínú iná.

"Màmá Qonitah!" Àyìnkẹ́ ké.

"Mo gbọ́ yín, àna mi. Mi ò ní pa á." Hàbíbátù kò gbé ohùn sókè. Àpáàdì ló tó kojú iná. "Bí mo bá da omi sí i lónìí, gbogbo ẹni tó wà níbí á gbà pé òótọ́ ni, pé ti òkú ni. Ti aṣọ ọmọ ni. Ti aṣọ ọmọ ló jẹ́ kí ó tó di ti òkú. Ní ti ìwẹ̀, tiyín ni ọmọ bó ṣe jẹ́ tèmi. Bí ẹ bá ní kí n má wẹ̀ ẹ́, ó dáa, ẹ̀yin ẹ wẹ̀ ẹ́. Omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ má jẹ́ kó tutù."

Ó bu omi sínú báásì, ó gbé àpótí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì bọ́ sẹ́yìn.

Àyìnkẹ́ kò retí ìyẹn. Ó wo báásì, ó wo àwọn tó dúró, ó jókòó. Ó ká ìró sókè, ó na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ọmọ náà sórí ojúgun. Aṣọ ló ń tà, ọwọ́ aláṣọ sì ni ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá fa léèsì lásán, ó ti mọ èyí tí yóò ya àti èyí tí kò ní ya. Ṣùgbọ́n ọṣẹ kì í ṣe léèsì. Bí ọmọ náà ti rin tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bí ẹja àrọ̀. Àyìnkẹ́ fẹ́ yí i padà. Orí kékeré náà fì sẹ́yìn, ó sì fì sí ẹ̀gbẹ́. Ọmọ náà figbe bọnu. Àwọn obìnrin ké "Ha!" lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ Àyìnkẹ́ sì dúró lójú kan, kò lè lọ síwájú, kò lè padà.

Hàbíbátù kò rántí ìgbà tó dé ibẹ̀. Ó ti kúnlẹ̀. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ìpàkọ́ ọmọ náà. Kò gbé e, kò fà á, ó kàn jẹ́ kí orí náà rí ibi sùn sí.

"Ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ yín le," ó wí. "Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Igbe náà rọlẹ̀. Ó di ìkùn, ó di mímí. Orí àwọn àgbà obìnrin méjèèjì súnmọ́ ara wọn lókè báásì. Àyìnkẹ́ rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn aládùúgbò má baà gbọ́.

"Gbogbo ọmọ tí mo bí, ìyá ọkọ mi ò jẹ́ kí n wẹ ẹyọ kan."

"Bí tàwọn ẹlòmíràn náà ṣe rí nìyẹn."

"Ta ló kọ́ yín bí ẹ ṣe di orí rẹ̀ mú yìí?"

Hàbíbátù lè sọ pé ìyá òun ni. Irọ́ kọ́ ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn tó kọ́ ọ títí ó fi mọ́ ọwọ́ rẹ̀ lára, kì í ṣe ìyá rẹ̀.

"Àwọn òkú ni," ó wí. "Ẹni tí kò lè gbé orí ara rẹ̀, tí kò sì lè sọ pé ọwọ́ yìí dun òun. Òun ni mo ti ń wẹ̀ láti ọjọ́ yìí, àna mi."

Omi ń kán láti igbọ̀nwọ́ Àyìnkẹ́ sínú báásì.

"Màmá." Qonitah ló ń sọ̀rọ̀. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó ń rìn bí ẹni tí ara ń dùn, ó sì dojú kọ ìyá ọkọ rẹ̀. "Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ fún yín. Ojú ló ń tì mí. Kò yẹ kó tì mí." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí màmá mi wẹ ọmọ mi."

Àyìnkẹ́ rọra gbé ọmọ náà lé àna rẹ̀ lọ́wọ́. Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí sí ẹ̀yìn Hàbíbátù.

"Ẹ jókòó dáadáa," ó wí. "Ìkúnlẹ̀ yẹn á jẹ́ kí orúnkún máa ro yín. Èmi ni n ó máa bomi."

Ó sì bomi. Hàbíbátù fi kànìnkànìn fọ abẹ́ ọrùn, abíyá, ìdí orúnkún, gbogbo ibi tí ẹni tí kò bá mọ ọmọ wẹ̀ máa ń fò. Ó fi omi gbígbóná jó o. Ó nà án lápá, ó nà án lẹ́sẹ̀, ó fi òrí pa á láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ara rẹ̀ sì ń dán bí iṣin.

"Ẹ kú ọwọ́ lómi o," Babárìndé wí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ. Wọ́n gbọ́ ìró ṣọ́bìrì bó ṣe ń wọ́ ọ nílẹ̀, Màmá Hope sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́.

Àyìnkẹ́ lọ síbi apẹ̀rẹ̀. Ó mú ìró kékeré náà. Ó gbé e súnmọ́ imú, ó dúró bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn sì ń wò ó.

"Ó ń ta bí..." Ó tún fà á símú. "Mi ò mọ ohun tó ń ta bí."

"Ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa," Hàbíbátù wí.

Ó gbọ̀n ọ́n. Ó jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó tún gbọ̀n ọ́n, kí ó tó gbé e wá. Hàbíbátù fi dì í, Qonitah sì jókòó lórí ẹní láti fún un lọ́mú. Màmá Hope tẹ̀ síwájú láti wo ojú ọmọ náà. Bí òórùn náà ti kàn án, omi tún yọ lójú rẹ̀, kò sì lè dá a dúró. Ìyá Jibril ló rí. Qonitah fi imú kan etí aṣọ náà, ojú rẹ̀ fà ro díẹ̀, ó sì tú ká. Ohun tí òun náà rí, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ní ti Hàbíbátù, òjò ń rọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọmọ náà yí ojú sínú aṣọ. Imú rẹ̀ mira lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Hàbíbátù wò ó pẹ́. Nínú gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìnkùlé yẹn, ọmọ náà nìkan ni ẹnikẹ́ni kò tíì kú lójú rẹ̀. Òórùn yìí kò tíì jẹ́ nǹkan kan fún un. Yóò tún gbọ́ ọ lọ́la, yóò gbọ́ ọ lọ́tunla, lẹ́yìn omi gbígbóná, kí ó tó mu ọmú. Bí ó bá dàgbà tán, tí ó bá fà á símú ní ibìkan tí kò retí, yóò dúró, kò ní mọ ìdí rẹ̀, àmọ́ ara rẹ̀ yóò balẹ̀.